Omi Tí Ó Kọ̀ Láti Wálẹ̀: Ìrìn-àjò Ọdẹ́jìnmí sí Ilé Tí Ń Yí Ayé Po

Ta ló jókòó lé àpò ọdẹ mi níbẹ̀ yẹn? Dìde o! Àpò tí mo gbé dé ibi tí igún kò lè fò dé, ìwọ wá fi ìdí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àpótí ìdáná. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì panu mọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dúró lẹ́yìn, tí ẹ ní ọmọdé ni mo fẹ́ pìtàn fún, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ yéé na ọrùn. Èmi Ọdẹ́jìnmí tí ẹfọ̀n rí tó dọ̀bálẹ̀, èmi tí iwin orí ìrókò máa ń bi pé "Bàbá, ṣé kí n kọjá?" kó tó kọjá, mo ti rí ìyà láyé mi. Ṣùgbọ́n ìyà tí omi ìwọ̀nba fi jẹ mí lókè lọ́hùn-ún, n kò rí irú rẹ̀ rí. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, inú a tún máa bí mi.

Mùtíátù, gbé ọwọ́ rẹ wálẹ̀. N kò tíì bẹ̀rẹ̀, o ti ní ìbéèrè!

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ń jẹ́ Ògúnṣínà. Èmi àti rẹ̀ la jọ ń dẹ̀gbẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n wa. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tó rí i pé kò ní í dìde mọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, má jẹ́ kí n máa rìn kiri." Mo ní n kò ní í jẹ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́, ara mi ló jìyà rẹ̀.

Ní ìlú tiwa, bí ọdẹ bá kú, a gbọ́dọ̀ ṣípà rẹ̀. A ó gbé ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sí ìgbẹ́, a ó sun ìrèmọ̀jé fún un, lẹ́yìn náà omi kan gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ìdágbére nìyẹn. Bí omi náà kò bá kan ilẹ̀, òkú ọdẹ kò ní í mọ̀ pé òun ti kú, yóò máa dẹ̀gbẹ́ kiri ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. A sin Ògúnṣínà tán, a kò tíì fọwọ́, a gbọ́ tó ń súfèé nínú igbó, tó ń pe ajá. Gbogbo ajá wa ya lọ. Nígbà tí wọ́n padà, ahọ́n wọn gbẹ, wọn kò rí nǹkan mú. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé súfèé náà ń rẹ̀wẹ̀sì, ó ń dún bíi ti ẹni tí ó ti rẹ̀ tí kò sì mọ ọ̀nà ilé. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbíwùmí lorúkọ rẹ̀. Níbo ni Ìbíwùmí wà? Ẹ gbà mí! Ìbíwùmí kàwé títí ìwé fi gbé e kọjá àwọsánmà. Ilé kan ni àwọn onímọ̀ kọ́ sí òfuurufú, tó ń yí ayé po tọ̀sán-tòru. Àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń wo bí ewéko ṣe ń hù níbi tí kò sí ilẹ̀, wọ́n ń wo ohun tí egungun ènìyàn ń dà níbẹ̀. Ìbíwùmí ló ń tọ́jú ewéko wọn, ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ kò sì tíì dé, kò lè sọ̀kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọdẹ pàdé. Wọ́n jiyàn títí ọ̀fun fi gbẹ. Olúọ́dẹ wá gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ orúnkún, ó ní, "Kí ni wàhálà yín? Ilé kì í ṣàìní ilẹ̀. Kí ẹnìkan bu omi odò wa lọ fún un, kí ó dà á sílẹ̀ nínú ilé tó wà yẹn. Ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ́." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún ọgbọ́n ńlá yìí. Gbogbo wọn sì yíjú sí mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bu omi sínú kèrègbè kékeré kan, mo dé e, mo gbé àpò kọ́.

Igbó àkọ́kọ́, iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan dènà dè mí, ó ní kí a jà. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi tó kú ń súfèé nínú igbó, o wá ń sọ ìjà sí mi létí!" Mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ojú tì í, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò mi dé ìpẹ̀kun igbó. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí Ìlú Akàsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ju ènìyàn sókè. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ìlú tó ń múnú bíni! Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe láìka nǹkan sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ bu òkèlè, wọ́n á ní, "Mẹ́ta, méjì, oókan, òdo!" Bí wọ́n bá fẹ́ kí yín pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á kà á kí wọ́n tó kí yín. Obìnrin oníbodè wọn, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, na ọ̀pá sí mi láyà.

Ó ní, "Kí ló ń ṣubú láti àárọ̀ dé àárọ̀ tí kì í kan ilẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu àna mi obìnrin."

Ó ní rárá.

Mo ní, "Ṣòkòtò ọ̀lẹ."

Ó ní rárá. Ó ní, "Gòkè lọ, wàá rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá padà bọ̀ tí o kò mọ̀ ọ́n, o kò ní í kọjá bodè yìí. Ọ̀dọ̀ wa ni wàá máa gbé, wàá máa bá wa ka sẹ́yìn." Mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ló kù kó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Wọ́n wá mú mi, wọ́n fi àga yí mi bí òòyì títí gbogbo oúnjẹ àná fi padà wá kí mi. Wọ́n gba ìbọn mi. Wọ́n fi aṣọ kan dì mí láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí pé lókè lọ́hùn-ún kò sí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí, aṣọ náà ló ń gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání bí ọkọ̀ bá jò. Wọ́n ní kí n bọ́ àwọn àdó ọrùn mi. Mo ní kí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí dáadáa wá bọ́ ọ. Wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ará òkè ni wọ́n fi mí sí, èmi àti awakọ̀ méjì. A fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga, orúnkún wa wà lókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé òdo, ilẹ̀ bú ramúramù, iná tú nídìí ọkọ̀, nǹkan kan sì jókòó lé mi láyà. Bí gbogbo àwọn àna mi bá jókòó lé mi láyà pẹ̀lú ẹrù wọn, kò lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ pọfọ̀, ẹnu kò là.

Kí ni, Mùtíátù? Kí ló ń tì í lọ? Ṣé o ti fẹ́ bàlúùnù rí, tí o jọ̀wọ́ rẹ̀ láìso ẹnu rẹ̀? Kì í ṣe pé ó sá lọ mọ́ ọ lọ́wọ́? Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn jáde, bàlúùnù gba iwájú lọ. Iná ni rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ wa yẹn, ń tú sẹ́yìn. Nígbà tí epo ìsàlẹ̀ tán, ọkọ̀ náà já ìdí ara rẹ̀ sọnù. Mo pariwo pé ọkọ̀ ti já o! Àwọn awakọ̀ yẹn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi àgbá òfìfo ṣe lójú ọ̀nà, ó yẹ kó já. Ẹnìkan ì bá ti sọ fún mi ṣáájú!

Lójijì iná kú, ẹrù kúrò láyà mi. Wọ́n ní mo lè ṣí akoto. Mo ṣí i. Fìlà mi dìde kúrò lórí mi, ó ń lọ. Àwọn àdó ọrùn mi dìde, ọ̀kan gbá mi lẹ́nu, òmíràn wọ inú irùngbọ̀n. Mo mú fìlà, àdó lọ. Mo mú àdó, fìlà lọ. Báyìí ni mo ṣe bá ara mi jà títí a fi rí ilé náà.

Ó gùn, ó rí jágajàga, pánẹ́ẹ̀lì sóólà nà lọ́tùn-ún nà lósì, nítorí oòrùn ló ń fún wọn níná. Ẹnu ọ̀nà ń bẹ níwájú wa gbangba, a kò wọlé. A ń fà bí ìgbín. Mo ní kí ló dé? Awakọ̀ ní ilé náà ń sáré ju ọta ìbọn lọ, àwa náà ń sáré bẹ́ẹ̀, bí a bá kánjú kan ara wa, gbogbo wa di àfọ́kù. Ó dáa. A rọra kàn án. Mo dìde. Wọ́n ní kí n jókòó, àwọn ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo la igbó iwin já, mo gun iná, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n jókòó!

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ìbíwùmí ló kọ́kọ́ yọ. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

Mo ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àgbà nìyẹn?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Ó tẹ orúnkún, gbogbo ara rẹ̀ sì yí po, ó kọjá lórí mi. Inú bí mi, inú mi sì tún dùn láti rí i, nítorí imú bàbá rẹ̀ gan-an ni.

N kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo ní, "Wọ́n ti sọ fún ọ pé bàbá rẹ ti lọ."

Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi lórí rédíò." Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ẹ̀rọ kan ń dún nígbà náà, mo ní láti lọ wò ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Mo mú kèrègbè jáde, mo fún un. Ó ní, "Bàbá, omi kì í dà níbí." Mo ní kí ó má bá mi jiyàn, kí ó ṣáà dà á. Ó dà á. Kò sí nǹkan tó jáde. Mo gbà á, mo gbọn kèrègbè náà, omi yọ jáde rọ̀gbọ̀dọ̀, ó dúró síwájú imú mi. Ẹ gbọ́ mi? Ó dúró! Mo ní, "Wálẹ̀!" Ó ń mì. Mo nawọ́ gbá a, ó pín sí méjì, ọ̀kan lọ sí àjà, èkejì wọ inú ẹ̀rọ. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀gá ilé náà, òyìnbó onírùngbọ̀n kan, fò dé, ó ń sọ èdè rẹ̀ kíkankíkan, ó ń fi aṣọ ìnura lé omi odò wa káàkiri. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, kèrègbè ti ṣófo.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní omi tiwọn. Wọ́n fún mi nínú ọ̀rá. Òùngbẹ ti ń gbẹ mí, mo kọ́kọ́ fa díẹ̀ mu. Ó tutù, ó dùn. Mo béèrè odò tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ìbíwùmí wo ilẹ̀, bí a bá lè pè é nílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò sí odò. Òógùn wa, èémí wa àti ìtọ̀ wa ni ẹ̀rọ ń sẹ́ títí tí á fi mọ́." Ìtọ̀! Ẹ dákẹ́, kí lẹ ń rín? Ọdẹ́jìnmí tí kò mu omi ìkòkò tí kò ní ìdérí ló mu ìtọ̀ òyìnbó! Mo kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo sùn lọ.

Nígbà tí mo máa lajú, oòrùn ń yọ lójú fèrèsé. Mo kí wọn, ẹ káàárọ̀. Kò pẹ́, ó wọ̀. Kò tún pẹ́, ó tún yọ. Mo tún kí wọn. Ìgbà tó yọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní ẹni tí yóò bá kíni kí ó máa kíni lọ, èmi kò ṣe mọ́. Ilé náà ló ń sáré yí ayé po, kò pé wákàtí méjì tó fi ń yí i ká, ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń dààmú wọn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sùn, wọ́n á so mí mọ́ ògiri bí àgbò iléyá kí n má baà lọ forí gbá nǹkan.

Mo ní, "Ìbíwùmí, kí ló ń ṣe omi yìí? Ta ló fi í bú?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ju òkò síwájú, kí ló máa ń ṣe?"

"Á ṣubú."

"Bí ẹ bá jù ú kíkankíkan ńkọ́?"

"Á lọ jìnnà kó tó ṣubú."

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé apá yín le débi pé òkò náà ń ṣubú, ṣùgbọ́n ayé rí roboto, ilẹ̀ náà ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bó ti ń ṣubú ni ilẹ̀ ń yẹ̀. Á máa ṣubú yí ayé ká ni, kò ní í balẹ̀. Òkò yẹn ni ilé wa yìí."

Mo ní, "Ṣé à ń ṣubú ni?"

Ó ní, "À ń ṣubú, Bàbá. Ilé, èmi, ẹ̀yin, omi, gbogbo wa la jọ ń ṣubú pọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí èyí tó ń ti ọwọ́ wa bọ́ sísàlẹ̀."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú. Lóòótọ́ mo ti rí ìdáhùn obìnrin oníbodè, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ bá mi. Ilé tí kò ní ilẹ̀ ni wọ́n rán mi wá láti da omi sílẹ̀. Olúọ́dẹ àti ọgbọ́n rẹ̀! Mo wo ojú fèrèsé. Ayé wà nísàlẹ̀, ó tutù lójú. Mo wá ìlú wa, n kò rí i. Odò Ọya nìkan ni mo rí, ó tín-ín-rín. Níbì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ń rìn kiri, ó ń súfèé, ó sì rò pé mo gbàgbé òun.

Mo ní, "Kí ni bàbá rẹ sọ fún ọ nígbà tí o ń lọ?"

Ìbíwùmí ní, "Kò fẹ́ kí n lọ. Ó ní, 'Ibi tí ò ń lọ yẹn, ta ni yóò máa bá ọ pe oríkì rẹ?' Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Bàbá, n kò nílò oríkì níbẹ̀.'"

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ìbínú mi lọ. Mo di okùn ògiri mú, mo la ẹnu, mo sun ìrèmọ̀jé tí a sun fún bàbá rẹ̀ nígbà tí òun kò sí nílé, mo sì fi oríkì rẹ̀ pè é:

"Àníkẹ́ ọmọ Ògúnṣínà,
Ọmọ afẹsẹ̀-tẹwé-gbígbẹ-kó-má-dùn-ún,
Ọmọ asúfèé-pajá-ajá-gbàgbé-oúnjẹ.
Igbó dákẹ́, ó ní ta ni yóò wá jí òun?
Etu ń jẹko, kò wẹ̀yìn mọ́.
Àníkẹ́, bàbá rẹ ti kú o.
Bí o bá délé, o kò ní í bá a lẹ́nu ọ̀nà.
Àníkẹ́, mo pè ọ́.
Bàbá rẹ ló ní kí n pè ọ́."

Ó bú sẹ́kún. "Bàbá mi! Bàbá mi ò!" Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyà ibẹ̀: omijé kò ṣàn. Ó kóra jọ sójú rẹ̀, ó ń tóbi sí i, ó bo ẹyinjú rẹ̀, ó ń ta á. Ọmọ ń sunkún bàbá rẹ̀, ẹkún náà kò rí ibi gbà! Ó gbọn orí, omijé náà já kúrò, ó dúró láàárín èmi àti rẹ̀, roboto, ó ń mì.

N kò nawọ́ gbá a. Mo ti kọ́gbọ́n. Mo ṣí kèrègbè òfìfo yẹn, mo rọra gbé ẹnu rẹ̀ bá a bí ẹni fẹ́ mú labalábá. Ó fara kan ẹnu kèrègbè, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó wọlé. Mo dé e pinpin. Ọ̀gá onírùngbọ̀n ti dé sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́, ó fẹ́ bá mi jà nítorí ariwo. Ó wo ojú Ìbíwùmí, ó fi aṣọ náà pamọ́, ó padà sẹ́yìn.

Ìbíwùmí ní, "Bàbá, ẹ gbé e dé ibi tí ilẹ̀ wà."

Èmi àti àwọn awakọ̀ wọkọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bi mí. Afẹ́fẹ́ ayé ń ha ọkọ̀ wa lára bó ti ń sáré wọlé, ó gbóná débi pé iná bo ojú fèrèsé. Asà tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ ló gba iná náà fún wa. Àwọn àna mi tún padà wá jókòó lé mi láyà. Agboòrùn ńlá kan wá ṣí lókè, ó fà wá, ọkọ̀ sì gbá ilẹ̀ gbì. Mo dìde, ẹsẹ̀ kò gbà, ó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé mi bí ọmọ jòjòló, mo ń bú wọn, mo sì di kèrègbè mọ́ àyà.

Obìnrin oníbodè na ọ̀pá. Mo ní, "Ilé tí mo ti ń bọ̀ ni. Ó ń ṣubú, ilẹ̀ ń yẹ̀ fún un. Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà." Ó yẹ̀. Kò tilẹ̀ kà á sẹ́yìn.

Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ ló tẹ̀lé mi lọ sí ibojì. Súfèé náà wà nítòsí, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo ṣí kèrègbè, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kò sí nǹkan. Mo gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan. Olúọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni fẹ́ gbani nímọ̀ràn. Mo wò ó, ó dákẹ́. Mo ti pariwo mọ́ omi tó, kò gbọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ kèrègbè, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Wálẹ̀, jọ̀ọ́. Ilé lo dé yìí."

Ó wálẹ̀. Ẹyọ kan. Ilẹ̀ mu ún. Súfèé tó ń dún lọ́wọ́ dúró ní ìdajì. Mo retí kó tún dún, kò dún mọ́. Àwọn ajá jókòó. Èmi tí mo ti ń bínú láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, mo jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, mo sunkún ọ̀rẹ́ mi, tèmi sì ń já bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí èyí tí mo ní láti lé.

Mo ti parí. Ẹ dìde, ẹ máa lọ, ìyá yín ń wá yín. Mùtíátù, gbé àpò yẹn wá fún mi. Rọra o! Kèrègbè yẹn ṣì wà nínú rẹ̀.